Bí Bakitéríà Ṣe Ń Tún Ọ̀rá Ara Rẹ̀ Ṣe Nígbà Tí Òtútù Bá Dé

Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí ti ọ̀dọ̀ ìyá kan wá tó ń ta ẹja inú yìnyín ní ọjà Òyìngbò. Ìyá Ìbejì ló ní ká máa pe òun. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìjọra ni mo ti ń ra ẹja, fírísà méjì ni mo sì ní ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé bí nǹkan bá ti tutù tó, kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, mo gbé Titus mẹ́ta tí yìnyín ti yọ́ lára wọn sínú fíríìjì ilé. Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n ti ń yọ̀ bí ilá, wọ́n ń rùn, bẹ́ẹ̀ fíríìjì náà ń tutù dáadáa, wọn ò sì mú iná lọ rárá. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì ní àwọn bakitéríà kan máa ń yí ọ̀rá ara wọn padà kí òtútù má baà rí wọn gbé ṣe. Ẹ̀rín pa mí. Ṣé bakitéríà ní ọ̀rá ni? Ta ló sì sọ fún un pé òtútù dé?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè. Ọmọ yín kò parọ́. Bakitéríà ní ọ̀rá, ó ń yí i padà, ọ̀rá yẹn fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ fún un pé òtútù dé. Ohun tí mo sọ kẹ́yìn yìí ló wù mí jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú kòkòrò àìfojúrí ní ilé àyẹ̀wò ní Yábàá, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n là á yé yín dáadáa.

Ilé ìdáná ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, kódà ní Èkó níbí tí òtútù wa kò tó nǹkan, ẹ ó jí láàárọ̀ kùtù, ẹ ó bá epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì tó ti dì nísàlẹ̀. Bí ẹ bá dà á, epo díẹ̀ á ṣàn jáde, ìyókù á jókòó síbẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Àdí àgbọn tiẹ̀ yára jù ú lọ: kí yàrá ṣáà ti tutù dé nǹkan bíi dígírì 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Òróró ẹ̀pà tó wà lórí pẹpẹ kan náà ńkọ́? Á máa ṣàn ni. Ọ̀rá ni gbogbo wọn, òtútù kan náà ló mú wọn, síbẹ̀ ọ̀kan dì, èkejì kò dì.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni bí ìrù ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ọ̀rá ní ìrù gígùn tí àwọn oníṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ásíìdì ọ̀rá. Kábọ́ọ̀nù ló so kọ́ra wọn níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí okùn, ó sábà máa ń jẹ́ 16 tàbí 18 lórí okùn kan. Àwọn ìrù kan tọ́ ṣánṣán. Àwọn mìíràn ní ibì kan láàárín tí kábọ́ọ̀nù méjì ti di ara wọn mú lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan, ibẹ̀ ni ìrù náà á sì ti tẹ̀ bí ìgúnpá. Ẹ mú ìgbálẹ̀ wò. Igi ìgbálẹ̀ tó tọ́, bí ẹ bá kó o jọ tí ẹ fi okùn fún un lọ́rùn, á le gan-in bí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ kọ́kọ́ tẹ igi kọ̀ọ̀kan ní àárín kí ẹ tó dì wọ́n pọ̀, bó ti wù kí ẹ fún un tó, àyè á wà láàárín wọn, ìka yín á wọ ibẹ̀. Ìrù tó tọ́ pọ̀ nínú àdí àgbọn, ó tó ìdajì nínú epo pupa, kò pọ̀ nínú òróró ẹ̀pà. Ìdí nìyẹn tí àkọ́kọ́ fi ń yára dì, tí èkejì ń tẹ̀ lé e, tí ìkẹta ń ṣàn.

Ó kù ká wá bá bakitéríà. Kò ní ọ̀rá ní ikùn bí ẹran, kò sì ní ikùn. Awọ tó yí ara rẹ̀ ká ni ọ̀rá. Ìpele méjì ni awọ yìí: orí àwọn ọ̀rá náà kọjú sí omi, àwọn kan síta, àwọn kan sínú, ìrù wọn sì kọjú síra wọn ní àárín. Ó fẹ́lẹ́ débi pé tí ẹ bá to 10,000 irú awọ bẹ́ẹ̀ léra wọn, wọn kò tíì nípọn tó ẹyọ irun orí kan. Ara awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni gbogbo ilẹ̀kùn wà, ilẹ̀kùn tí oúnjẹ ń gbà wọlé, tí ìdọ̀tí ń gbà jáde, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí bakitéríà fi ń rí agbára. Àwọn ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ wọ̀nyí ń yí, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, inú ọ̀rá ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Bí ọ̀rá náà bá dì bí epo inú kẹ́ẹ̀gì, gbogbo wọn á há. Oúnjẹ wà níta, ebi á sì máa pa á. Bí ọ̀rá bá sì ṣàn jù, awọ á máa jò, ohun tó yẹ kó wà nínú á máa bọ́ síta. Àárín méjèèjì ni bakitéríà gbọ́dọ̀ wà, yálà oòrùn ń ran tàbí yìnyín ń bọ́.

Èmi fúnra mi kò gbà á gbọ́ bọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́, mo fi àwọn abọ́ kéékèèké tí a fi ń gbin bakitéríà sínú fíríìjì, mo sì gbàgbé wọn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣí wọn, èyí tó pọ̀ nínú wọn wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n abọ́ kan tí mo ti fi omi tí a fi ṣan ẹja kùn ti kún fún àwọn ojú róbótó-róbótó tó ń dán bí ojú omi, aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi orí abẹ́rẹ́ kàn wọ́n, wọ́n fà tẹ̀ lé e bí ilá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Ọ̀gá wa gbé e sábẹ́ iná kan tó jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, ó sì tàn yòò. Pseudomonas ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi rò pé wọ́n ń sùn ni wọ́n fi ń jẹun tí wọ́n ń bí. Irú wọn náà ló ba ẹja yín jẹ́, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ọ̀nà pọ̀, oríṣi bakitéríà kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú E. coli, bakitéríà inú ìfun tí gbogbo ilé àyẹ̀wò láyé ń lò. Lọ́dún 1962, Allen Marr àti John Ingraham ní Califórníà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbìn ín ní oríṣiríṣi ìwọ̀n ooru, wọ́n sì yẹ ọ̀rá rẹ̀ wò. Bí ooru ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìrù tó tẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí ìrù tó tọ́ ń dín kù. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní 1974, Michael Sinensky tún wá inú ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó gbin E. coli láti dígírì 15 títí dé 43, ó sì wọn bí ọ̀rá ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣàn ní ìwọ̀n ooru tó ti dàgbà. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Èyí tó dàgbà ní 15, ọ̀rá rẹ̀ ń ṣàn ní 15 gẹ́lẹ́ bí ọ̀rá ti ìkejì rẹ̀ ṣe ń ṣàn ní 43. Ìṣàn yẹn ni bakitéríà ń tọ́jú. Ó gbà kí ọ̀rá rẹ̀ yí padà kí ìṣàn má baà yí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa E. coli ni bó ṣe ń yá. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn òṣìṣẹ́ kékeré inú ara, wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ìrù tó tẹ̀ tó ní kábọ́ọ̀nù 16 kó sì fi méjì kún un kó di 18. Nínú ooru, ọwọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yá sí iṣẹ́ yìí. Bí òtútù bá dé, tí ọwọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn ń falẹ̀, òun ló máa wá ṣiwájú wọn, ìrù tó tẹ̀ á sì pọ̀ sí i lára ọ̀rá tuntun. Kò sí pé wọ́n ń ránṣẹ́ pè é tàbí pé wọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é. Ó ti wà nílẹ̀. John Cronan àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín ìṣẹ́jú kan tí òtútù bá ti kan E. coli, ọ̀rá tuntun tó ń ṣe ti yàtọ̀. Ìṣẹ́jú kan, Ìyá Ìbejì. Ẹ kò tíì ti ilẹ̀kùn fíríìjì tán.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín gan-an, pé ta ló sọ fún un, ibòmíràn ni ìdáhùn rẹ̀ ti hàn kedere jù, ẹ sì mọ bakitéríà náà dáadáa. Ẹ ti ra irú ní Òyìngbò àìmọye ìgbà. Ohun tó ń mú irú fà, tó ń fún un ní òórùn tí ojú ọ̀nà fi ń mọ̀ pé wọ́n ń se ọbẹ̀, Bacillus ni, Bacillus subtilis ló sì sábà máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Bakitéríà tó ń ṣe irú yìí ni Diego de Mendoza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹ̀ wò ní ìlú Rosario ní Ajẹntínà. De Mendoza ti bá Cronan ṣiṣẹ́ lórí E. coli rí, kò sì tíì kúrò nínú ọ̀rọ̀ òtútù láti ìgbà náà. Wọ́n rí i pé Bacillus ní jíìnì kan, ìyẹn ìlànà iṣẹ́ tó wà nínú ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní des, tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù tí í tẹ ìrù. Kì í dúró de ìrù tuntun rárá. Àwọn tó ti wà lára awọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n tọ́ ló ń bá níbẹ̀, tó ń tẹ̀ wọ́n. Nínú ooru, jíìnì yìí á sùn. Bí òtútù bá dé, á jí. Lọ́dún 2001, wọ́n sọ fún gbogbo ayé ẹni tó ń jí i: purotéènì méjì, òṣìṣẹ́ inú ara bíi ti ẹ́ńsáìmù, DesK àti DesR. DesK wà lára awọ, DesR wà nínú.

Ibi tó dùn nínú ìtàn náà rèé. Ẹ ti kọjá lórí afárá Third Mainland, ẹ ti wo Mákòkó. Ẹ ti rí àwọn òpó tí wọ́n fi gbé ilé dúró lórí ọ̀sà, tí ibi tí omi máa ń dé ní àmì dúdú lára wọn. Bí ọ̀sà bá kún, àmì yẹn á rì. Bó bá fà, á yọ. Òpó kò ní ojú, kò ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo àmì ara rẹ̀ ti mọ bí omi ṣe ga tó. Òpó irú bẹ́ẹ̀ ni DesK, àfi pé inú ọ̀rá ló rì sí, kì í ṣe inú omi. Bí òtútù bá dé, àwọn ìrù ọ̀rá á nà, wọ́n á dúró ṣánṣán, wọ́n á fún mọ́ra. Ìrù tó nà gùn ju èyí tó ká lọ, nítorí náà awọ á nípọn sí i. Apá kan wà lára DesK, létí ibi tí ọ̀rá ti pàdé omi gẹ́lẹ́, tó fẹ́ràn omi. Bí awọ bá ti nípọn, ọ̀rá á bo apá yìí mọ́lẹ̀. Ohun tó fẹ́ràn omi kì í gbádùn nínú ọ̀rá. Ẹni tí omi bá ti kán sínú epo gbígbóná rẹ̀ rí mọ ìjà àwọn méjèèjì. Nítorí náà apá yìí á máa fà, á máa wá ọ̀nà padà síbi omi, ìfà yẹn á sì lọ́ gbogbo ìdúró DesK. Bó bá ti lọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ tó wà nínú ara bakitéríà á gbé fọ́sífeètì, èròjà kékeré kan tó dà bí àmì ìránṣẹ́, lé DesR lọ́wọ́, DesR á lọ jí jíìnì des, ẹ́ńsáìmù á jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìrù. Bí ìrù bá ti tẹ̀ tó, awọ á tún fẹ́lẹ́, àmì á yọ, DesK á dẹ̀. DesK kan náà yìí á wá gba fọ́sífeètì padà lọ́wọ́ DesR, des á sì padà sùn.

Àwọn kan ò gbà pé nǹkan lè rọrùn tó bẹ́ẹ̀. DesK ní ìlà márùn-ún tó la awọ kọjá, ẹ̀rọ tó díjú sì ni ojú kọ́kọ́ rí. Larisa Cybulski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rosario wá gé e kù. Wọ́n mú ìdajì ìlà kan, wọ́n so ó mọ́ ìdajì ìlà mìíràn, wọ́n sọ márùn-ún di ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Ẹyọ kan yẹn ṣì ń mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru. Bí wọ́n bá ti ba apá tó fẹ́ràn omi yẹn jẹ́, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo dìde lórí àga, mo lọ dúró lójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀dá tó kéré tó báyìí kò gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru kankan lọ́wọ́. Ohun tí òtútù fẹ́ bàjẹ́ gan-an ló fi ń mọ̀ pé òtútù dé. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Awọ rẹ̀ nípọn, ó sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Ẹyọ ìkìlọ̀ kan fún ọmọ yín, bí wọ́n bá bi í nínú ìdánwò: ẹ́ńsáìmù des nílò ọ́síjìn kó tó lè tẹ ìrù. E. coli kò nílò rẹ̀, torí ìgbà tó ń kọ́ ìrù lọ́wọ́ ló ti ń fi ìtẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń da méjèèjì pọ̀.

Ó wá kan bakitéríà tó ń bà mí lẹ́rù, Listeria monocytogenes. Òun kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìtẹ̀. Ẹ̀ka ló ń so mọ́ ìrù, ẹ̀ka kékeré kan nítòsí òpin. Ẹ padà sídìí ìgbálẹ̀: ó dà bí ìgbà tí wọn kò fá ewé kúrò lára igi rẹ̀ tán, tí ewé kékeré kan ṣì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ní lè fara mọ́ra dáadáa. Bí òtútù bá ń pọ̀ sí i, Listeria á máa kúrò lórí ìrù gígùn tó ní kábọ́ọ̀nù 17, á máa ṣe èyí tó ní 15, á sì gbé ẹ̀ka náà síbi tó ti ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́ jù lọ. Nínú fíríìjì, irú ìrù kan ṣoṣo yìí lè ju ìdajì gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí kan ṣe àtẹ̀jáde ní 1997 nípa Listeria tí wọ́n ti bà jẹ́ débi pé kò lè ṣe ẹ̀ka náà mọ́. Nínú ooru, ó ń dàgbà. Nínú òtútù, ó kọ̀. Wọ́n wá fún un ní èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ka, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nínú òtútù. Fún èmi, ẹ̀rí tó dáa jù lọ nìyẹn pé ọwọ́ ọ̀rá ni ọ̀rọ̀ náà wà, kì í ṣe pé ìyípadà ọ̀rá àti ìdàgbà nínú òtútù kàn ń ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà.

Nítorí ọ̀rá yìí, Listeria lè dàgbà díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bí òfo dígírì. Láti 2017 sí 2018, ó pa ènìyàn tó lé ní 200 ní Gúúsù Áfíríkà, nínú àwọn tó lé ní 1,000 tó kó o. Ẹran lílọ̀ kan tí wọ́n ń jẹ láì tún sè, tí wọ́n ń pè ní pólónì, ló kó o dé ilé wọn. Ọmọ tuntun pọ̀ nínú àwọn tó kú, nítorí aboyún àti ọlẹ̀ inú rẹ̀ ni kòkòrò yìí ń wá. Ẹ sọ fún àwọn aboyún tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ yín: ohun tó ti pẹ́ nínú fíríìjì, kí wọ́n sè é dé inú egungun kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un nípa òkun, torí ibẹ̀ ni ẹja yín ti wá. Titus wá láti àwọn òkun tútù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti àríwá Yúróòpù. Ẹ ti rí i pé ọ̀rá ẹran màlúù nínú ọbẹ̀ tí ẹ gbé sí fíríìjì máa ń dì bí àbẹ́là, ṣùgbọ́n òróró ara Titus kì í dì bẹ́ẹ̀. Ìtẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wà lórí àwọn ìrù kan nínú òróró ẹja. Àwọn bakitéríà inú òkun tútù kan, bíi Moritella àti Colwellia, náà ń ṣe irú ìrù yìí. Ọ̀rá wọn ń ṣàn dáadáa nínú òtútù, ṣùgbọ́n wọn kò lè fara da ooru: àwọn olólùfẹ́ òtútù gidi bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà mọ́ bí ooru bá ti kọjá dígírì 20. Yàrá yín ní Èbúté Mẹ́ta á pa wọ́n. Èyí tó mọ òtútù jù lọ nínú àwọn tí mo mọ̀ ni Psychromonas ingrahamii, tí wọ́n rí nínú yìnyín òkun ní Alásíkà. Ó ń dàgbà ní dígírì 12 sí ìsàlẹ̀ òfo, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì ń gbà kí ẹyọ kan tó di méjì. Orúkọ John Ingraham ti 1962 yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ọ̀rá nìkan kọ́ o. Òtútù tún máa ń lọ́ RNA, okùn tó gbé ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe purotéènì, pọ̀ bí òwú tó ta kókó, bakitéríà a sì máa ṣe àwọn purotéènì kan tí ń tú kókó náà kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ṣùgbọ́n bí awọ bá ti dì, gbogbo ìyẹn di asán, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Titus mẹ́ta yín. Fírísà tó wà ní dígírì 18 sí ìsàlẹ̀ òfo kì í pa gbogbo bakitéríà. Ó ń pa díẹ̀, ó ń dá ìyókù dúró, torí omi tí wọn ì bá fi ṣiṣẹ́ ti di yìnyín. Nígbà tí yìnyín yọ́, tí ẹ wá gbé e sínú fíríìjì, omi ti dé. E. coli tó bá wà níbẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan, torí bí ooru bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ dígírì 7, ìdàgbà rẹ̀ á dúró, bó ti wù kó tún ọ̀rá ṣe tó. Ṣùgbọ́n Pseudomonas ti múra tán. Ọ̀rá rẹ̀ ń ṣàn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, kò sì sẹ́ni tó ń bá a du oúnjẹ mọ́, torí ẹ ti bá a fi òtútù lé àwọn yòókù sẹ́yìn. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ẹyọ kan ń di méjì ní wákàtí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ wákàtí 144, ìyẹn ni pé á ti di ìlọ́po méjì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá. Ẹyọ kan á ti lé ní 16,000. Ẹja kan kì í sì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan. Ohun tó ń yọ̀ lọ́wọ́ yín ni àwọn fúnra wọn àti ohun tí wọ́n ń tú jáde láti fi bo ara wọn.

Ohun kan wà tí ẹ lè ti ṣàkíyèsí láìmọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ẹja ti rí i pé ẹja omi gbígbóná bíi tiwa sábà máa ń pẹ́ lórí yìnyín ju ẹja òkun tútù lọ kó tó bàjẹ́. Ara ohun tí wọ́n rò pé ó fà á ni pé bakitéríà tó bá ẹja ọ̀sà wá kò mọ òtútù rí. Ó ń lo àkókò kó tó mú ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Èyí tó bá Titus wá, òtútù ni ilé rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹja yọ́, inú fíríìjì ni kí ó ti yọ́, kì í ṣe lórí tábìlì, kí ẹ sì lò ó láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Kí fíríìjì wà ní ìsàlẹ̀ dígírì 5. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ṣí fírísà láìnídìí. Nígbà tí iná bá dé, ẹ fọwọ́ kan ẹja: èyí tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, tó le, ẹ lè dá a padà; èyí tó ti rọ̀ pátápátá, tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má dì í padà láti tà. Mo mọ̀ pé owó ni. Ṣùgbọ́n ewu Titus kì í ṣe òórùn nìkan. Ẹran ara rẹ̀ ní èròjà kan tí àwọn bakitéríà kan máa ń sọ di histamine, ó sì wà nínú wọn tó lè ṣe é nínú fíríìjì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ. Iná ọbẹ̀ máa ń pa bakitéríà náà, kì í pa histamine tó ti ṣe sílẹ̀, bí ẹ tiẹ̀ dín ẹja náà gbẹ. Bí oníbàárà bá ní ẹja ń ta òun lẹ́nu bí ata, tí kò sì sí ata nínú rẹ̀, kó má jẹ ẹ́ mọ́.

Ẹ wá bá mi sọ fún ọmọ yín pé mo kí i. Bó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú rí ohun tó ń sọ, kó wá ife onídìígí mẹ́rin. Kó da àdí àgbọn sínú ọ̀kan, epo pupa sínú èkejì, òróró ẹ̀pà sínú ìkẹta, kó sì gbé wọn sínú fíríìjì ilé. Nínú ìkẹrin, kó da àdí àti òróró ẹ̀pà pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, kó rò ó pọ̀ dáadáa. Kí ẹ̀yin méjèèjì máa yẹ̀ wọ́n wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, kí ẹ máa dẹ ife díẹ̀ kí ẹ rí èyí tó ṣì ń ṣàn, kí ẹ sì kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dì sílẹ̀. Ife kẹrin yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ti rí i.